Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ẹrẹ̀ Ru Òjò

Àwọn àgbà ló sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ọ̀rọ̀ yìí tó òfin fún ẹni tó bá ní ọgbọ́n lórí. Iṣẹ́ àgbàrá ni kó wá. Iṣẹ́ onílé ni kó là á lọ́nà kó tó dé. Ní ìlú wa, ta ni onílé? Ìjọba ni. Ta ni a gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́? Ìjọba náà ni. Àmọ́ bí àgbàrá bá ti dé, òjò ni wọ́n máa ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. "Òjò ọdún yìí ti pọ̀ jù." "Iṣẹ́ Ọlọ́run ni." Wọ́n á ká ọwọ́ lẹ́rán, ó parí.

Àwa kò gbà. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: ẹrẹ̀ tó ń dí ọ̀nà wa kì í ṣe ẹ̀bi òjò. Ẹ̀bi ẹni tí a fi ọ̀nà sí níkàáwọ́ ni, tó gba owó ọ̀nà, tí kò la gọ́tà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ó sì fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ẹlòmíràn lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kan kẹ̀kẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ó kàn án púpọ̀. Ẹni tó jókòó sínú jíìpù ńlá, tó ti gíláàsì pa, tí atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí i lójú, kò lè mọ bí ọ̀nà ṣe rí. Táyà ọkọ̀ rẹ̀ ga, ó nípọn, á fo kòtò bí ẹni fo kòtò eèrà. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ni ọ̀nà kì í purọ́ fún. Táyà rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì. Kòtò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, á mọ̀ ọ́n lórúkọ. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kẹ̀kẹ́ ni adájọ́ ọ̀nà. Ọ̀nà tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ bá lè gbà lẹ́yìn òjò láì sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà nìyẹn. Èyí tí kò bá lè gbà, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa fi ojú ara wọn rí i ní Sátidé kan nínú oṣù kẹfà. Wọ́n tó bí ogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. A jọ gbéra ní kùtùkùtù lórí kẹ̀kẹ́ láti yí àwọn abúlé kan ká, kí a kí àwọn ará oko, kí a gbọ́ tẹnu wọn, kí a sì fi eré kẹ̀kẹ́ dá ara wa lára yá. Àwọn kan so àsíá mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Orin ń lọ, agogo kẹ̀kẹ́ ń dún. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Títí dé ibi tí ọ̀dà parí sí, kò séwu. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ẹ mọ ilẹ̀ pupa wa yìí. Bó bá gbẹ, ó le bí àpáta. Bí omi bá jókòó lé e lórí, á di ẹ̀kọ. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wé mọ́ táyà, ó kún abẹ́ mọ́dígáàdì fọ́fọ́, títí táyà fi kọ̀ tí kò yí mọ́. Wọ́n fi igi ha á kúrò. Wọn ò rìn ju ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ tó tún fi kún. Iyanrìn wọ ṣéènì, ṣéènì ń ké, méjì nínú wọn já. Kẹ̀kẹ́ tó yẹ kó gbé èèyàn, èèyàn ló wá ń gbé kẹ̀kẹ́ léjìká. Nígbà tó yá, a kan odò kékeré kan tó yẹ kó gba abẹ́ ọ̀nà kọjá, orí ọ̀nà ló gbà. Kò sí kọ́fáàtì níbẹ̀. Omi náà ń sáré, ó pọ́n bí epo, kò sẹ́ni tó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fojú kéré irú omi bẹ́ẹ̀ o. Omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ ju ìnṣì 6 lọ, ó lè gbá àgbàlagbà ṣubú. Bó bá tó ìnṣì 12, ó lè gbé mọ́tò kékeré léfòó. A yí padà. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó kán lẹ́sẹ̀. Eré ọjọ́ kan ló bàjẹ́. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, a kò ní fi ojú ìwé yìí ṣòfò.

Àmọ́ bí a ṣe ń yí padà ni àwọn tí kò lè yí padà ń bọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ń ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bọ̀, ó di àpò gaàrí méjì sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan ru apẹ̀rẹ̀ ata, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́, ó ká ìró sókè, ó doríkọ omi náà. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá, ẹ ní sùúrù kó fà." Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀yìn tí ẹ ó padà sí. Ọjọ́ ọjà lòní. Ata ò mọ sùúrù." Ó wọ inú omi náà, Ọlọ́run sì bá a gòkè.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Ẹrẹ̀ tó ba eré ọjọ́ kan jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, òun náà ló ń ba oúnjẹ ẹlòmíràn jẹ́ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, lọ́dọọdún. Nígbà tí ọkọ̀ ò bá lè wọlé, alájàpá ló máa ń dá iye sí ọjà àgbẹ̀. Á ní, "Èmi ni mo máa fi ọkọ̀ mi wọ inú ẹrẹ̀ yẹn, iye tí mo bá ní kí ẹ gbà ni kí ẹ gbà." Kòkó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ojú òjò kejì gan-an ló bọ́ sí. Aboyún tí ìrọbí mú lóru ńkọ́? Ọmọ tí ibà ń gbọ̀n ńkọ́? Tíṣà tó ń gbé ìgboro, tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa lóko, tí kò lè dé ilé ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Ṣé òjò náà ni a ó máa dárúkọ?

A mọ̀ pé àwọn agbẹnusọ wọn ò ní pẹ́ jáde. Wọ́n á ní, "Ṣebí ẹrẹ̀ ń mú òyìnbó náà." Òótọ́ ni, ó ń mú wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2023, ní ìlú Emporia, ní ìpínlẹ̀ Kansas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló gun kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní Unbound. Ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́ ni, tó gùn tó 200 máìlì fún àwọn akọni wọn. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ẹrẹ̀ fi dá wọn dúró. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ léjìká, wọ́n ń fi igi pẹlẹbẹ ha ẹrẹ̀ lára táyà, bí àwọn ọ̀dọ́ tiwa ṣe ṣe gẹ́lẹ́. Ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2021, inú òjò àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti sáré Paris–Roubaix. Sonny Colbrelli, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló gbégbá orókè, ẹrẹ̀ sì ti bò ó látorí dé ẹsẹ̀ kó tó dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn. Àwọn ará Emporia wọ̀nyẹn, wọ́n sanwó kí wọ́n tó wọ inú ẹrẹ̀ ni. Àwọn ti Paris–Roubaix, iṣẹ́ wọn ni, owó ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n wẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n gba ọ̀nà ọ̀dà lọ sílé. Ìyá aláta wa kò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje kankan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fún un ní ife-ẹ̀yẹ. Ẹrẹ̀ tèèyàn fúnra rẹ̀ yàn, eré ni. Ẹrẹ̀ tí wọ́n fi jẹ èèyàn níyà, ìyà ni. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kò yẹ lẹ́ni tí a ń fi ṣe olórí.

Wọ́n tún lè ní òjò dé bá àwọn lójijì ni. Irọ́ gbáà! Ọmọdé ilẹ̀ yìí mọ̀ pé òjò máa ń pọ̀ ní oṣù kẹfà sí ìkeje, á sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á tún padà wá ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ méjì ló tún ń ṣe iṣẹ́ yìí. NiMet ń sọ bí òjò ọdún yóò ṣe rí, NIHSA ń sọ ibi tí omi lè ti kún, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gbé e jáde. Owó wa ni wọ́n fi ń san owó oṣù àwọn tó ń ṣe é. Ta ló ń kà á ní káńsù?

Ká tilẹ̀ gbàgbé ìwé, ṣé a lè gbàgbé òkú? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ inú Ìbàdàn. Èèyàn tó bá a lọ lé ní 100, ilé àti dúkìá kò lóǹkà. Orúkọ Ògùnpa kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn tí ojú wọn ṣe é. Ọdún 31 kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya lu Ìbàdàn kan náà, ó gbé afárá lọ, èèyàn tó kú tún lé ní 100. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé ní Ìbàdàn. Ẹ wò ó o: oṣù kẹjọ tí a ń pè ní ìgbà ìsinmi òjò ni méjèèjì ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ẹ kọ́lé sí ojú odò, ẹ da ìdọ̀tí kún inú rẹ̀, ẹ ṣe afárá tó há bí ọrùn ìgò, ó kàn ń wò yín ni. Ọjọ́ kan á béèrè ọ̀nà rẹ̀ padà.

Ohun tó ṣe Ìbàdàn ní ńlá, òun ló ń ṣe ọ̀nà oko ní kékeré. Ọ̀nà kò nílò ọ̀dà kó tó jẹ́ ọ̀nà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọ̀nà rí, nǹkan mẹ́ta ni á kà fún yín. Èkíní, kí àárín ọ̀nà ga ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹ̀yìn ahun, kí omi lè ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Èkejì, kí gọ́tà wà lọ́tùn-ún lósì, kí ó sì ní ibi tí ó ń da omi sí. Ẹ̀kẹta, kí kọ́fáàtì tó fẹ̀ dáadáa wà níbi gbogbo tí omi bá ti fẹ́ gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Ó tán. Ilẹ̀ pupa tí a gún tó le, tí nǹkan mẹ́ta yìí sì wà lára rẹ̀, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ á gbà á lẹ́yìn òjò.

Àmọ́ kí ni wọ́n máa ń ṣe fún wa? Bí ìbò bá ku oṣù mẹ́ta, gírédà á dé. Ariwo á sọ, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á ya fọ́tò. Gírédà á fá ojú ọ̀nà, á kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, á bá tirẹ̀ lọ. Kò sí gọ́tà, kò sí kọ́fáàtì. Bí wọ́n ti ń fá a lọ́dún yìí, tí wọ́n ń fá a lọ́dún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ń jìn sí i, títí oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi ga jù ú lọ. Kí ni nǹkan tó jìn, tó gùn, tí bèbè wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn! Odò ni. Ara wọn ni wọ́n fi owó wa gbẹ́ odò fún, wọ́n wá ń pè é ní ọ̀nà. Bí òjò bá wá rọ̀, tí omi wọ inú odò tí wọ́n gbẹ́ fún un, wọ́n á ní òjò ló jẹ̀bi.

Ẹ ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ẹ lọ sí Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé káńsù ló ní àṣẹ láti gba owó láísẹ́ńsì lórí kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi, ọmọlanke àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sọ ojú yín kalẹ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ó tún rí i pé káńsù kan náà ni yóò la ọ̀nà, tí yóò tún un ṣe, tí yóò sì bójú tó gọ́tà, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́? Òfin fi kẹ̀kẹ́ àti gọ́tà sínú àpò kan náà. Àwọn bàbá wa rántí bí akódà ṣe máa ń dúró lójú ọ̀nà láyé ìjọ́un, tí ń mú ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tí kò ní láísẹ́ńsì. Apá tó gba owó nínú òfin, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n kà. Apá tó ní kí wọ́n ṣiṣẹ́ ni ojú wọn kì í ríran kà.

Nínú nǹkan bí 200,000 kìlómítà ọ̀nà tí wọ́n ní ó wà ní Nàìjíríà, èyí tó pọ̀ jù lọ, ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orin kan náà ni àwọn alága káńsù ń kọ: "Gómìnà ló di owó wa mú." Ó dára. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ẹjọ́ ti dá. Alága tó bá tún ń kọ orin àtijọ́ yẹn, ẹ ní kó fi ìwé gbe ara rẹ̀: èló ló wọlé, èló ló jáde, kọ́fáàtì mélòó ló wà nílẹ̀?

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò béèrè o. Ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà dìde ní Ìwọ̀ Oòrùn, ẹni tí kò mọ̀ á ní owó orí nìkan ni wọ́n bá jà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀nà abúlé wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Àgbẹ̀ ayé ìgbà náà mọ̀ pé bí ọ̀nà bá bàjẹ́, owó orí kejì ni: wọ́n gba ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹrẹ̀ gba èkejì. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ nígbà náà. Àwa kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ìbò ni àdá tiwa.

A ò sì ní torí ìṣèlú fi òótọ́ pamọ́. Àwọn kan wà láàárín aráàlú tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà bí òjò bá ti ṣú, kí àgbàrá lè bá wọn gbé e lọ. Àwọn onígẹdú kan ń fi ọkọ̀ ńlá tẹ ọ̀nà oko nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n á sì fi kòtò tó gba màlúù sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń hùwà ìkà, kí wọ́n jáwọ́. Àmọ́ ìjọba tó ń gba owó lọ́wọ́ onígẹdú ló yẹ kó bá a wí. Ìjọba tí kò ṣètò ibi tí a ó da ilẹ̀ sí kò lẹ́nu láti fi bú ẹni tó dà á sí gọ́tà.

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè nìyí, a sì sọ ọ́ ketekete kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní òun kò gbọ́:

Kí káńsù kọ̀ọ̀kan kó gbogbo gọ́tà kí oṣù kẹrin tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí omi bá ti gbé èèyàn lọ.

Kí wọ́n lẹ orúkọ gbogbo ọ̀nà oko tí wọ́n fẹ́ ṣe mọ́ ara ògiri káńsù, pẹ̀lú iye owó rẹ̀, orúkọ kọngílá àti ọjọ́ tí yóò parí, ní èdè Yorùbá tí ìyá aláta lè ní kí ọmọ òun ka fún òun.

Kí gírédà kankan má ṣe wọ ọ̀nà tí kò bá ní ètò gọ́tà àti kọ́fáàtì.

Kí wọ́n tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọngílá, kí òjò ńlá kan kọ́kọ́ rọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kejì, kí alága káńsù fúnra rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà náà já, lójú gbogbo ará abúlé. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, kó sanwó. Bó bá sọ̀kalẹ̀, kí kọngílá padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tí à ń wí yìí, àwọn tí yóò dupò lábẹ́ àsíá tiwa kò gbọdọ̀ bọ́ nínú rẹ̀. Ẹ mú wọn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá wá kí yín nínú oko, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró síbi tí ọ̀dà parí sí kí wọ́n máa ju ọwọ́. Ẹ ní kí wọ́n wọlé. Ẹ fi ojú odò tó gba orí ọ̀nà hàn wọ́n. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kọ́fáàtì ibí yìí, oṣù wo? Ẹni tí kò bá lè dárúkọ oṣù, ẹ má dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò.

Òjò á tún rọ̀. Ìyẹn dájú, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú tó lè ní kó má rọ̀, a ò sì fẹ́ kó má rọ̀, nítorí òun ló ń mú iṣu ta, òun ló ń mú kòkó so. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni ibi tí omi rẹ̀ máa gbà. Àgbàrá ti sọ tẹnu rẹ̀ tipẹ́. Ó ku onílé. Bí onílé tó wà níbẹ̀ bá ní òun ò lè la gọ́tà, kó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí a gbé e fún ẹni tó lè là á.